Súìṣì Inú Ìkòkò Tábà Ọ̀gá Mi

Ojú mi ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, èmi náà wá tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Etí mi ṣì ń mọ ìyàtọ̀ láàárín rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ àti rédíò tí sípíkà rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan lẹ́ẹ̀dì gbígbóná mọ́ ibi tí n kò fẹ́ kàn án mọ́, mo mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ní Ìkọ̀lé, mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ jókòó sílé.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yẹ́ pé kí n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ títí. Ọmọbìnrin kan wá dìde lẹ́yìn, ó ní, "Màmá, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe, èwo lẹ fẹ́ràn jù?" Mo rí i lójú wọn pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá tàbí tẹlifíṣọ̀n olówó ni wọ́n ń retí. Mo ní, "Súìṣì kan ni. Súìṣì tí mo ṣe sínú ìkòkò tábà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Agogo sì lù kí n tó ráyè ṣàlàyé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Odò-Orò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu àti kòkó, wọ́n sì ní rédíò kan tí wọ́n máa ń gbé lọ sóko nínú agbọ̀n. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, rédíò náà dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ń gbá a lẹ́yìn, kò fọhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n jáde lọ, mo sì tú u sílẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n bá gbogbo ìfun rédíò níta. Mo ti múra sílẹ̀ de pàṣán. Wọn ò nà mí. Wọ́n wo ilẹ̀ títí, wọ́n ní, "Mọrẹ́nikẹ́, kó o sínú agbọ̀n bí o ṣe tò ó yẹn, kí o gbé e lórí. A ń lọ sí Ìkọ̀lé."

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ògúnléye. Ọmọ Ìrè ni wọ́n, láti ìdílé alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún, ṣùgbọ́n rédíò ni Ọ̀gá yàn láàyò. Ọkùnrin gíga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ìkòkò tábà kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n yẹ agbọ̀n náà wò, wọ́n ní, "Ta ló tú u?"

Bàbá mi ní, "Ọmọ mi yìí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọ̀gá ka àwọn sukúrúù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti tò wọ́n sórí bébà bí mo ṣe yọ wọ́n, tí ti apá ọ̀tún wà lápá ọ̀tún, tí ti apá òsì wà lápá òsì. Wọ́n wò mí. "Kò sí ọ̀kan tó sọnù."

Bàbá mi ní, "Ó wù ú láti kọ́ ọ ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n obìnrin ni."

Ọ̀gá yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. "Ṣé rédíò a máa béèrè ẹni tó ń tún un ṣe?"

Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ kò gùn, Bàbá mi fi iṣu kún un, ó parí.

Mo rò pé ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fún mi ní irin tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Páálí kan ni wọ́n fún mi. Súìṣì ló kún inú rẹ̀, èyí tó ti kú, èyí tó ń ṣe ségesège, ti rédíò, ti tọ́ọ̀ṣì, ti fáànù. Oṣù mẹ́fà gbáko, súìṣì nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Mo ń tú u, mo ń ha ìpẹtà ibẹ̀, mo ń nù ún, mo ń dè é padà. Tí mo bá ní mo ti parí, Ọ̀gá á gbé e sí etí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì dá a padà fún mi.

"Kò tíì dáa. Ó ń lọ́ra kó tó kàn."

Ní ọjọ́ kan mo sunkún. Mo ní, "Ọ̀gá, rédíò ni mo wá kọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà. Súìṣì nìkan ni mo ń rí."

Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ tábà mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ronú. Wọ́n ní, "Jókòó. Gbogbo ohun tó wà nínú rédíò yìí, èmi àtìwọ nìkan la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ni ín, súìṣì nìkan ló mọ̀. Tí súìṣì ò bá gbọ́ràn sí i lọ́wọ́, lójú tiẹ̀, ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Uṣẹ́ nì yí, Mọrẹ́nikẹ́. Kì í ṣe eré." Tí inú bá ń bí wọn, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé dáadáa, Èkìtì ni wọ́n máa ń sọ. Iṣẹ́ á di uṣẹ́, ilé á di ulé.

Nígbà tí wọ́n wá gbé irin lé mi lọ́wọ́, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá fi lẹ́ẹ̀dì so ni wọ́n máa ń fi ìdí bírò tì. Bí ó bá mì bíńtín, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á ní, "Tún un ṣe." Wọn kì í pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n máa pariwo.

Ẹ̀kọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ti awakọ̀ kan láti Ọ̀tùn. Ó gbé rédíò wá, mo tún un ṣe, Ọ̀gá béèrè pé ṣé mo ti dán an wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò dán an wò. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń pè mí. Awakọ̀ náà gbé rédíò rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ẹnìkan jíṣẹ́ fún wa pé rédíò náà kò tilẹ̀ dé Ọ̀tùn tó fi dákẹ́. Ọ̀gá wọ bàtà, wọ́n mú mi lọ sí gáréèjì, wọ́n fi mí sínú ọkọ̀. "Tí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sọ fún un pé o parọ́. Lẹ́yìn náà, tún un ṣe lójú rẹ̀." Ojú títì yẹn pọ̀ ju pàṣán lọ. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí, ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ bu iṣu díndín fún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò tún sọ pé mo ti dán nǹkan wò rí, láìjẹ́ pé mo dán an wò.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí òpópónà kejì, Ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn oníbàárà sí mi: "Ẹ gbé ìyẹn lọ fún Mọrẹ́nikẹ́, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Níwájú mi, wọn ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu àwọn oníbàárà ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ wa yí padà lójú mi ju bí mo ṣe lè kà á lọ. Irin tí mo kọ́kọ́ lò, inú èédú la ti ń mú un gbóná. Lẹ́yìn náà la ní èyí tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná. Rédíò àtijọ́ ní gílóòbù nínú, ó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Tiransísítọ̀ dé, ohun kékeré bí hóró àgbàdo, ó lé gílóòbù lọ. Kásẹ́ẹ̀tì dé, gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń yọ téèpù tó lọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ. Tẹlifíṣọ̀n dé, mo ń gun òrùlé lọ yí ọ̀pá irin sí ọ̀nà Àkúrẹ́. Àwọn kan máa ń dúró nísàlẹ̀ wo obìnrin tó wà lórí páànù, mo sì ń wò wọ́n láti òkè. Mítà tó ní abẹ́rẹ́ lọ, èyí tó ń kọ nọ́ńbà dé. Fóònù dé, mo tó ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, mo lọ jókòó ti àwọn tí mo lè bí lọ́mọ kí wọ́n kọ́ mi. Kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni ìgbà tí ọjà olówó pọ́ọ́kú kún ìgboro, tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ju rédíò nù nítorí wáyà kan ṣoṣo tó já.

Nígbà tí a fi dé ibẹ̀, Ọ̀gá ti padà sí Ìrè. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ wò wọ́n ní ọjọ́ Sátidé. Ikọ́ sì ti mú wọn. Ikọ́ náà kì í ṣe kékeré. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀, á di èjìká wọn mú títí yóò fi rọlẹ̀. Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo fọ́tò àyà wọn, ó ní, "Bàbá, tábà yìí ló ń pa yín. Tí ẹ ò bá fi í sílẹ̀, ẹ má padà wá bá mi."

Ọ̀gá gbìyànjú. Mo rí i pé wọ́n gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà láìfa nǹkan kan, wọn ò sùn, wọn ò jẹun, wọ́n ń bínú sí ewúrẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, Ìyá bá wọn lẹ́yìn ilé pẹ̀lú èéfín. Bọ́sẹ̀, ọmọ wọn tó wà lókè òkun, gbọ́, ó fi sìgá oníbátìrì ránṣẹ́. Ó tínrín bí bírò. Omi kan tó ní agbára tábà wà nínú rẹ̀, wáyà kékeré kan á gbóná, á sọ omi náà di ooru bí èéfín. Ọ̀gá mú un lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n máa tẹ̀ lára rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e fún mi. "Mọrẹ́nikẹ́, ọmọdé ni wọ́n ṣe èyí fún."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìkòkò tábà yín kan tó ti gbó."

Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, n kò ní purọ́ fún yín. Èyí náà kò dáa fún wọn. Ohun tó dáa ni kí wọ́n má fa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àárín èyí àti tábà, ẹ lò ó, kí ẹ máa dín agbára omi náà kù díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́." Ohun tí mo dì mú nìyẹn.

Ìkòkò tábà náà jẹ́ ti igi líle dúdú. Mo gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀, mo fi bátìrì sí i, mo to ibi tí omi á wà. Bátìrì ni mo bẹ̀rù jù, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá èyí tó dáa, tí mo sì ń wọ̀n ọ́n. Wáyà tó ń gbóná, mo ká a, mo tún un ká, títí mo fi rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó kan súìṣì, mo na ọwọ́ sínú páálí kan nínú ṣọ́ọ̀bù, mo yọ súìṣì tọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí a ń tì síwájú tì sẹ́yìn. Ó tóbi, ọwọ́ Ọ̀gá á lè mú un. Mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ sí Ìrè, Ọ̀gá tì í, èéfín yọ, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Inú mi dùn dé ilé.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, fóònù mi dún. Ohùn Ìyá ni.

"Mọrẹ́nikẹ́, nǹkan tí o ṣe yẹn ti jó o!"

N kò mọ bí mo ṣe dé orí ọ̀kadà. Mo bá Ọ̀gá lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, báńdéèjì láti ìgbáròkó dé agbedeméjì itan. Wọ́n ti fi ìkòkò tábà náà sínú àpò dàńṣíkí, wọ́n ń ṣẹ́ ewéko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Súìṣì ti ara rẹ̀ nínú àpò. Wáyà gbóná, bátìrì wú, ó sì gbiná. Iyẹ̀pẹ̀ ni Ìyá fi pa á.

Ìyá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé o fẹ́ pa á ni? Tábà ti ń pa á jẹ́jẹ́, o wá ní kí tìrẹ yára?"

Mo kúnlẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

Ọ̀gá la ojú. Ohùn wọn ti há. "Ṣé o ti tú u?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ní ṣé o ti tú u. Kí lo rí níbẹ̀?"

"Mi ò tíì wò ó, sà. Ìyá ti jù ú nù."

"Lọ wá a." Wọ́n di ojú padà. "Má wá sunkún sí mi lórí kí o tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ìyá pòṣé, wọ́n jáde kúrò nínú yàrá. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ní Ìrè, mo fi igi tú ààtàn títí mo fi rí i, igi tó ti di èédú, tí gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Mo gbé e wá sí Ìkọ̀lé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara mi, mo jókòó, mo tú u. Bátìrì kò ṣẹ̀. Wáyà kò ṣẹ̀. Súìṣì náà wà ní iwájú, níbi tí àpò tì í sí, ó sì ti yọ́ mọ́ ibẹ̀. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́fà fọ súìṣì kí n tó fọwọ́ kan rédíò, ohun tí mo fojú tín-ín-rín wò jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Mo yan bátìrì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo yan súìṣì láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ó ti parí, mo ti dàgbà, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo lọ sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ti kúrò ní ilé ìwòsàn nígbà náà, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí àpótí. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn, mo sì ní n kò ní ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Wọ́n mú ìkòkò tábà gidi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó tábà sí i. Wọ́n ti padà sídìí rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo ìka wọn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n gan-an nígbà tí wọ́n ń ṣí rọ́bà tábà. Ó gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń bù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ gbá ìkòkò náà mú, tí wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ tábà mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ náà dúró ṣinṣin. Kò gbọ̀n rárá. Ọgọ́ta ọdún ni àtàǹpàkò yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Mo dìde. Ọ̀gá ní, "Níbo lò ń lọ?"

Mo ní, "Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, sà."

Súìṣì kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú ẹnu ìkòkò náà ló yẹ kó wà, níbi tí tábà máa ń wà, ní ìsàlẹ̀ etí igi, kó jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló lè wọlé bá a. Mo gé bàbà pẹlẹbẹ kan ní róbótó, mo fi sípíríìngì sí abẹ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Bí o bá gbé ọwọ́, sípíríìngì á gbé e sókè, á kú. Kò sí pé o gbàgbé pa á. Ṣùgbọ́n iná tó ń mú wáyà gbóná pọ̀ ju ohun tí irú súìṣì kékeré bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ, á yọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Mo wá fi tiransísítọ̀ kan sí àárín. Súìṣì kò gbé iná rárá, ó kàn ń sọ fún tiransísítọ̀ pé "ṣí" tàbí "tì", tiransísítọ̀ ló sì ń gbé ẹrù náà. Mo tún fi ohun kan sí i tó jẹ́ pé bí àtàǹpàkò bá pẹ́ lórí rẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, á tì í fúnra rẹ̀. Mo fi fíúsì sí ẹnu bátìrì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo da gbogbo rẹ̀ nù tí mo tún bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, sípíríìngì rẹ̀ le jù fún àgbàlagbà. Ti kejì rọ̀ jù. Ti kẹta, ooru omi náà wọ inú bàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹtà. Ti kẹrin, n kò lè sọ ohun tó ṣe é, kò kàn dùn mọ́ etí mi nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ti karùn-ún dún kẹ́, ohùn kékeré kan tó mọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi pọ́n. Mo dì í mọ́ aṣọ, mo sọ ọ́ sínú àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, mo jókòó lé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ sí Ìrè. Kì í ṣe Ọ̀gá ni mo gbé e fún.

Ìyá rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n dìde. "Nǹkan yẹn ò ní wọ ulé mi mọ́."

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún. Ẹ mú un fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jù ú sínú báàgì yín, ẹ gbé e lọ sóko, ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ jókòó lé e. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ ṣe fún un. Tó bá tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú sínú ṣáláńgá, n kò ní bínú."

Wọ́n gbà á bí ẹni gba ejò. Ní Sátidé kejì tí mo dé, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n ní, "Mo fi sínú agbọ̀n gbágùúdá. Mo là á mọ́lẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kò tàn." Wọ́n wọlé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé e lé ọkọ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀gá gbá ìkòkò náà mú. Àtàǹpàkò wọn wọ inú ẹnu rẹ̀ bí ẹni wọ ilé rẹ̀. Kẹ́. Èéfín yọ. Wọ́n gbé ọwọ́, ó dákẹ́. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n gbé e sí etí, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Ọmọ ogún ọdún ni mo tún jẹ́ níbi tí mo dúró sí.

"Gbé sukúrúdíráfà wá."

Wọ́n tú u. Ó pẹ́, nítorí ọwọ́ wọn, n kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé n kò gbọ́dọ̀ dáṣà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ojú sún mọ́ ọn, wọ́n wo sípíríìngì, wọ́n wo bàbà, wọ́n dé ibi tiransísítọ̀, wọ́n dúró.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Rárá." Wọ́n mi orí. "N kò kọ́ ọ ní èyí. N kò mọ̀ ọ́n." Wọ́n fi ọwọ́ pa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Jókòó. Kọ́ mi."

Mo jókòó. Ìyá bu omi wá fún wa. Mo fi bírò ya á sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, ibi tí iná ti ń wọlé, ibi tó ti ń jáde, ìdí tó fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ọ̀gá mi, tó ti ń tún rédíò ṣe kí n tó mọ orúkọ ara mi, ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi bí akẹ́kọ̀ọ́. "Tí fíúsì bá já ńkọ́?" "Èé ṣe tí o fi gbé e síbí, tí kì í ṣe ibí?" Mo dáhùn ìkan, n kò rí ìkejì dáhùn, àwa méjèèjì sì jọ wá a títí oòrùn fi yí. Mo ti gba ìyìn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi. Kò sí èyí tó tó ọ̀sán yẹn.

Ọ̀gá kò padà sídìí tábà mọ́. Nọ́ọ̀sì ń dín agbára omi náà kù, títí ó fi di pé omi tó kù nínú rẹ̀ kò ní agbára kankan mọ́, òórùn lásán ni. Ikọ́ náà kò lọ tán, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n ń sùn. Wọ́n ń rìn dé ọjà. Dókítà tó ní kí wọ́n má padà wá bá òun ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo bá wọn lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń bá aládùúgbò jiyàn. Wọ́n rí mi, wọ́n na ìkòkò tábà náà sí mi.

"Gba nǹkan rẹ, Mọrẹ́nikẹ́."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, sà?"

"Kò bàjẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí n kò tẹ̀ ẹ́. N kò nílò rẹ̀ mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ó kọ́kọ́ dùn mí. Iṣẹ́ tó dáa jù tí mo ṣe láyé, wọ́n dá a padà fún mi bí ẹni dá abọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú Ọ̀gá, mo wò bí wọ́n ṣe ń mí jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe yíjú padà sí aládùúgbò wọn tí wọ́n ń bá iyàn wọn lọ láìsinmi láti wúkọ́, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu mi.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo ṣí ìdí ìkòkò náà, mo yọ bátìrì kúrò, mo sì fi ìyókù sínú báàgì mi.